Ìgbàgbé Ní Àsìkò Tirẹ̀: Káàdì àti Kíkọ́ Ọ̀rọ̀ Èdè Jàpáànù

 

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní í rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ èdè àjèjì kò lè fi òwe náà tu ara rẹ̀ nínú, nítorí pé bí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, kò ní í rí èyí tí yóò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni bí ìgbàgbé ti ń ṣiṣẹ́, àti bí a ṣe lè fi káàdì pélébé pélébé ṣọ́nà dè é. Èdè Jàpáànù ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo fi ojú ara mi rí, àti nítorí pé láti inú kíkọ́ ọ ni ọ̀kan nínú àwọn irin-iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù fún ọ̀nà yìí ti jáde.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń kọ́ ní èdè Faransé wá bá mi. Ó ní òun a máa ka ọ̀rọ̀ lálẹ́, yóò yé òun, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo rẹ̀ a ti fò lọ. Mo dá a lóhùn pé kò fi ara sí iṣẹ́ ni. Kò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi iṣẹ́ èdè sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí èmi náà ti lé ní ogójì ọdún, mo jókòó ti èdè Jàpáànù. Mo to àádọ́ta ọ̀rọ̀ sínú ìwé, mo kọ ìtumọ̀ sí apá ọ̀tún, mo sì kà wọ́n ní àkàtúnkà ní alẹ́ Sátidé kan títí wọ́n fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ní Sátidé kejì, mo fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún láti dán ara mi wò. Mẹ́sàn-án péré ni mo rántí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọmọ ọlọ́mọ sì padà wá sí etí mi.

Ṣé èmi náà kò fi ara sí iṣẹ́ ni? Rárá o. Ohun tí ó ṣe ọmọ náà ni ó ṣe mí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1885, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé kan jáde lórí ìrántí. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìwádìí. Ó ṣẹ̀dá nǹkan bí 2,300 sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó ń kọ́ wọn sórí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, lẹ́yìn náà ó ń wo bí làálàá tí òun yóò tún ṣe láti mọ̀ wọ́n padà yóò ti dín kù tó. Ó rí i pé lẹ́yìn wákàtí kan, ó ju ìdajì èrè iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ tí ó ti sọnù; lẹ́yìn ọjọ́ kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó kù; ṣùgbọ́n lẹ́yìn odindi oṣù kan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìgbàgbé a máa sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ń rọra rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà gbọ́dọ̀ tètè dìde.

Ebbinghaus tún rí nǹkan mìíràn. Àtúnkà méjìdínlógójì tí òun pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣe é ní àǹfààní kan náà pẹ̀lú àtúnkà méjìdínláàádọ́rin tí òun kó jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ kò pọ̀ sí i, kàkà bẹ́ẹ̀ ńṣe ni ó dín kù. Àlàfo tí ó wà láàárín ìgbà kan àti èkejì ni ó ṣe iyàtọ̀.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gidi mú àlàfo yìí. Ní ọdún 1967, Paul Pimsleur, olùkọ́ èdè kan ní Amẹ́ríkà, dábàá pé kí á pe ọ̀rọ̀ tuntun padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, lẹ́yìn náà kí àlàfo máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún, títí tí yóò fi di ọjọ́ kan, ọjọ́ márùn-ún, oṣù mẹ́rin àti ọdún méjì. Ní ọdún 1972, Sebastian Leitner kọ ìwé kan ní èdè Jámánì, níbi tí ó ti fi àpótí oníyàrá hàn wá. Ní ọdún 1987, Piotr Woźniak, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Poznań ní ilẹ̀ Poland, kọ ètò tí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò àlàfo káàdì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2006 ni Damien Elmes, tí ó ń kọ́ èdè Jàpáànù, gbé ètò tirẹ̀ jáde. Ó pe é ní Anki, ọ̀rọ̀ Jàpáànù tí ó túmọ̀ sí kíkọ́ nǹkan sórí.

Olóòtú ètò yìí bi mí léèrè pé ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àpótí náà, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ọjà ilẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tán. Ẹ pín àpótí kékeré kan sí yàrá márùn-ún. Yàrá kìn-ín-ní dà bí ọjà ojoojúmọ́. Ìkejì dà bí ọjà ọrọọrún. Ìkẹta dà bí ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ìkẹrin dà bí ìpàdé ìtàdógún. Ìkarùn-ún ni ti oṣooṣù. Bí a bá ṣírò wọn, a ó rí i pé láti ọrọọrún dé ìtàdógún, ńṣe ni àlàfo ń di ìlọ́po méjì: ọjọ́ mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Káàdì tuntun gbogbo yóò wọ yàrá kìn-ín-ní. Èyí tí a bá mọ̀ yóò bọ́ sí yàrá tí ó kàn. Èyí tí a bá gbàgbé, ì báà jẹ́ inú yàrá kẹrin ni ó wà, yóò padà sí ìkìn-ín-ní. Báyìí ni ọ̀rọ̀ líle yóò máa rí wa lójoojúmọ́, tí èyí tí ó rọrùn kò sì ní í gba àsìkò wa.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju àpótí lọ. A kì í yí ẹ̀yìn káàdì kí á tó gbìyànjú láti rántí. Ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà a máa rò pé òun mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1939, Herbert Spitzer dán àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n lé ní 3,000 wò ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí a tètè bi ní ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n kà ni ó rántí rẹ̀ jù nígbà tí ó pẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe ọ̀nà láti fi díwọ̀n ìmọ̀ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ni. Wíwá tí a ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri inú orí ni ó ń la ọ̀nà tí a ó tún gbà dé ibẹ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo èdè Jàpáànù gan-an. Ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta ni ó ní. Hiragana àti katakana ní àmì 46 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì múra yóò mọ̀ wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀kẹta ni kanji, àwọn àmì tí wọ́n gbà láti ilẹ̀ Ṣáínà. Láti ọdún 2010, 2,136 ni iye kanji tí ìjọba fi sínú ìwé àkójọ fún ìlò ojoojúmọ́. Àmì kan sì lè ní ìpè púpọ̀. Ẹ wo 生. Nínú «sensei», èyí tí í ṣe olùkọ́, «sei» ni a ń pè é. Nínú «ikiru», láti wà láàyè, «i» ni. Nínú «umareru», láti di ẹni tí a bí, «u» ni. Bí ó bá sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí «nama», ohun tútù tí a kò sè ni. Ẹni tí ó bá kọ gbogbo ìpè wọ̀nyí sí káàdì kan ṣoṣo ti di ẹrù tí kò ní í lè gbé. Ọ̀rọ̀ kan, káàdì kan: ìlànà nìyẹn.

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan níhìn-ín. Èdè Jàpáànù kì í ṣe èdè olóhùn bíi tiwa, níbi tí sílébù kọ̀ọ̀kan ti ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéròkè àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn a máa ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ní Tokyo, bí a bá pe «ame» pẹ̀lú ohùn òkè tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀, òjò ni. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣíwájú òkè, midinmíìdìn ni. Etí tí ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò yẹ kí ó pàdánù èyí. Mo gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi àmì ohùn tiwa sí káàdì rẹ̀: ámè, àmé. Àwọn ará Jàpáànù náà ní ọ̀rọ̀ afarawé bíi tiwa. Bí àwa ti ń wí pé òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí pé ó ń rọ̀ «shito-shito». Bí ó bá sì pọ̀, «zāzā» ni.

Ibi tí káàdì ti ń tan ènìyàn jẹ ni ti ọ̀wọ̀. Jíjẹun ni «taberu». Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jù wá lọ ni ó ń jẹun, «meshiagaru» ni a ó lò. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a ń rẹ ara wa sílẹ̀, «itadaku» ni. Bí a bá kọ «láti jẹun» sí ẹ̀yìn káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti kọ́ ara wa ní àìmọ̀wàáhù. Ẹni tí ó bá sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun ń «meshiagaru» dà bí ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní «ẹ̀yin». Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbólóhùn wà lójú káàdì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. «Ame ga futte iru», òjò ń rọ̀: ẹni tí ó bá ka èyí kò tún ní í rò pé midinmíìdìn ni ó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Ewu kejì ni ìwàǹwara. Ìtara mú mi ní oṣù kìn-ín-ní, mo ń fi ọgbọ̀n káàdì kún un lójoojúmọ́. N kò ronú pé káàdì kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi kún un yóò tún padà wá bá mi lọ́la, ní ọ̀tunla àti ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo rin ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé, káàdì 640 ń dúró dè mí bí olówó èlé. Ó kù díẹ̀ kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun tí ó gbà mí là ni pé mo dá káàdì tuntun dúró pátápátá, mo sì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi tán. Láti ìgbà náà, mẹ́wàá péré ni mo ń fi kún un lóòjọ́. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó: mẹ́wàá lóòjọ́ jẹ́ 3,650 lọ́dún. A kì í fi ìwàǹwara lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bẹ́ẹ̀ ni káàdì kì í ṣe èdè. Ó dà bí irúgbìn tí a kó sínú àká. Bí a kò bá gbé e lọ sí oko, kò ní í hù. Kíkà, gbígbọ́ àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni oko ọ̀rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú fún káàdì ti tó. Kí ìyókù àsìkò wà fún ìwé àti ènìyàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìparí yìí bá wí. Bí ọmọ bá gbàgbé ohun tí ẹ kọ́ ọ ní ọjọ́ Ajé, ẹ má ṣe tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi ara yín pé: ìgbà mélòó ni mo ti béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà? Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, fún ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ àná, ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá àti ti oṣù tí ó kọjá, kò ní í ba ètò ẹ̀kọ́ jẹ́. Kí ìbéèrè náà má sì ní máàkì tàbí ìtìjú nínú. Bí mo bá ti mọ èyí ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi wá bá mi, n kì bá tí bá a wí. Àpótí kékeré kan ni ǹ bá fi lé e lọ́wọ́.