Ọ̀bẹ yín ṣì dára, èèkù rẹ̀ ló bàjẹ́: bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, a sì ń rí i lójoojúmọ́ ní Plateau, níhìn-ín nílùú Ṣábẹ. Ẹ wo ilé ìdáná, ẹ wo orí tábìlì àwọn alápatà, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń ti oko iṣu tàbí oko ìrèké bọ̀: irin ọ̀bẹ ṣì le, àmọ́ èèkù ti là, wọ́n ti fi rọ́bà tàbí àkísà wé e. Ẹlòmíràn á jù ú nù, á lọ ra tuntun. Ẹlòmíràn á máa lò ó bẹ́ẹ̀, títí ọjọ́ tó máa yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Èèkù ṣeé pààrọ̀. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni bí a ṣe ń yọ ti àtijọ́ láìba irin jẹ́, àti bí a ṣe ń fi tuntun sí i kí omi má ráàyè wọlé.

Kí ló ń ba èèkù jẹ́?

Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe aláká ni irin wọn gba inú èèkù dé ìdí. Àwẹ́ igi méjì, tàbí ike méjì, ló há irin náà sáàárín bí àwẹ́ obì, ìṣó méjì tàbí mẹ́ta ló sì so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àdá rí. Nígbà òjò, igi á mu omi, á wú. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á súnkì. Díẹ̀díẹ̀, àlàfo á wà láàárín igi àti irin. Omi ẹran àti omi ọṣẹ á gba ibẹ̀ wọlé, irin á dípẹtà. Ìpẹtà máa ń wú ju irin tó bí i lọ, òun ló ń ti igi sẹ́yìn títí igi á fi là.

Ẹ má ṣe sun ún o!

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ti ń kú. Àwọn kan máa ń ti ìdí ọ̀bẹ bọ iná èédú kí èèkù àtijọ́ lè jóná. Àwa náà ti ṣe é rí. Èèkù tuntun dúró gbọn-in, àmọ́ ọ̀bẹ ò mú mọ́: a pọ́n ọn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti kú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kí irin ọ̀bẹ tó le, wọ́n ti mú un gbóná gan-an, wọ́n ti rì í bọ omi tàbí òróró kó tutù lójijì, wọ́n sì tún fi iná díẹ̀ yá a kó má baà ṣẹ́. Tí a bá tún mú un gbóná kọjá ìwọ̀n tó kẹ́yìn yẹn, líle rẹ̀ á lọ. Àwọ̀ irin ló ń sọ fún wa: á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà á dà bí aró. Tó bá ti dà bí aró, ooru rẹ̀ ti tó nǹkan bíi 300 dìgírì. Tí àwọ̀ yẹn bá dé ẹnu ọ̀bẹ, ó di ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Èéfín ike pẹ̀lú ò dáa fún ẹni tó ń fà á símú.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó nípọn wé ẹnu ọ̀bẹ, kí ẹ dì í. Ẹ fi líìmù, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fáìlì, ha orí ìṣó àtijọ́ títí yóò fi tẹ́. Ẹ wá fi ìṣó tó kéré ju ihò lọ tì í jáde. Tí àwẹ́ méjèèjì bá ti bọ́, ẹ ha ìpẹtà ara irin kúrò pátápátá.

Igi ńkọ́? Igi tó le, tó sì gbẹ dáadáa, ni kí ẹ wá. Ayin, tí a tún ń gé ṣe orin, dára. Apá dára, tẹ́kì náà dára. Igi tútù ò dára rárá, torí yóò súnkì lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Tẹ́kì ní òróró nínú, kọ́ọ̀lù kì í fẹ́ mú un. Ẹ fi ọtí 90 ti ilé oògùn nù ún kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Sódábì kọ́ o!

Ẹ gbé irin lé igi, ẹ yà á, kí ẹ fi ayùn gé e, kó fi díẹ̀ tóbi ju irin lọ. Inú àwẹ́ tó máa kan irin gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ gbé e mọ́ irin níwájú ìmọ́lẹ̀: tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín, ẹ tún un ha. Ẹ dán orí àwẹ́ tó kọjú sí ẹnu ọ̀bẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí lẹ́yìn náà ọwọ́ ò ní lè dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ bo imú yín, eruku igi líle kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Ẹ di àwẹ́ kan mọ́ irin, kí ẹ gba inú ihò irin lu igi. Ẹ fi pákó sí abẹ́ rẹ̀ kó má baà ya. Ẹ ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìfi kọ́ọ̀lù sí i, kí ẹ rí i pé ó bára mu.

Ó wá kan kọ́ọ̀lù onítúúbù méjì, irú Araldite. Ẹ pò ó, ẹ fi pa irin àti igi, ẹ ki ìṣó idẹ bọ ihò, kí ẹ fi rọ́bà inú táyà dì í. Ẹ má fún un jù, kí kọ́ọ̀lù má baà tú jáde tán. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi òòlù kékeré lu orí ìṣó ní ọ̀tún àti òsì kó fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára lù ú á la igi tuntun. Ẹ wá fi líìmù àti bébà oníyanrìn dán an títí yóò fi bá ọwọ́ yín mu, kí ẹ fi òrí pa á.

Kó lè pẹ́

Ẹ má fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú omi mọ́jú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, kí ẹ máa fi òrí pa èèkù lóòrèkóòrè, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́, kó gbé e lọ bá káfíńtà tàbí alágbẹ̀dẹ àdúgbò. Ẹ sáà tètè sọ fún wọn pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná yọ ọ́.