Nígbà Tí Wọ́n Bá Fò Wá Dá Lẹ́nu Iṣẹ́



Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí àsáláátù bá ti parí, a máa ń gbé tábìlì kan àti àga méjì síta níwájú mọ́ṣáláṣí wa ní Láfẹ́nwá, láti wọn ìfúnpá fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló máa ń tò jù. Àwọn ọkùnrin á ní àwọn ń bọ̀, ẹ ò sì ní rí wọn mọ́. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó kan fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi. Ọkùnrin náà kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, kò sanra, kì í fa sìgá. Ẹ̀rọ gbé 172/104 jáde. Mo ní kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó má sọ̀rọ̀. Mo tún un wọ̀n: 168/102.

"Alhaji, kí ló ń dààmú yín?"

"Kò sí o, nọ́ọ̀sì. Wàhálà ayé náà ni."

Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò sùn. Tí mo bá jí lóru, pálọ̀ ni mo ti máa ń bá wọn, tí wọ́n ń wo fóònù. Ibi iṣẹ́ wọn ló fò wọ́n dá."

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mọ́kàndínlógún. Ipò kan ṣófo ní ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé tó bá fẹ́ ẹ kọ̀wé. Ó kọ̀wé, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì ti ń fọkàn ṣírò ohun tí yóò fi owó oṣù tuntun ṣe. Nígbà tí ìwé jáde, orúkọ ọmọkùnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin náà wá kí i, ó ní, "Ẹ ṣeun ọ̀gá mi, àdúà yín ló gbà." Alhaji ní òun rẹ́rìn-ín, òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni orí ti ń fọ́ òun.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló gbé ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ dé ojú ìwé ìlera. Ní 1967, àwọn onímọ̀ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn ọkùnrin tó lé ní 17,000, gbogbo wọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń pe ìwádìí náà ní Whitehall, orúkọ àdúgbò tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wọn wà. Kò sí aláìníṣẹ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ebi ń pa. Síbẹ̀, ikú tó ń pa àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń pa àwọn tó wà lókè téńté, àrùn ọkàn sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Sìgá àti ìfúnpá ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọn ò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ní 1985, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Whitehall kejì pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin 10,308. Ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, àti ẹni tó ń ṣe wàhálà tí èrè rẹ̀ kò tó wàhálà náà, ni àrùn ọkàn máa ń ṣe jù. Àwọn tó gbà pé wọ́n ń ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn níbi iṣẹ́, àrùn náà kì í ṣe wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti yé ni. Tí ìbínú tàbí ìtìjú bá dé, ẹ̀yà ara kékeré kan tó jókòó lé orí kíndìnrín á tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, adrenaline àti cortisol. Ọkàn á máa lù kìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Bí ejò ló bá wọlé, èyí dára, ẹ máa nílò ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi sá. Ṣùgbọ́n ejò, ẹ ó pa á, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ ó bá a lọ́fíìsì láàárọ̀, ẹ ó bá a lórí WhatsApp lálẹ́, ẹ ó tún bá a lórí ìrọ̀rí. Ara tó yẹ kó rọlẹ̀ lóru kò ní ráyè rọlẹ̀. N kò sọ pé ipò tí wọn ò fún Alhaji ló dá ẹ̀jẹ̀ ríru sí i lára o. Ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan, torí kò wọn ìfúnpá rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kágò kó tó wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti di ti dókítà nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn.

Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni ohun tó ń lò. Lọ́sàn-án, obì àti kọfí, kí oorun má bàa gbé e lọ lọ́fíìsì. Lálẹ́, oògùn oorun tí ọmọ ilé kẹ́míìsì kan ń tà fún un láìsí ìwé dókítà, méjì méjì. Obì àti kọfí ní kaféènì nínú, ó ń lé oorun, ó sì lè ti ìfúnpá sókè. Oògùn bíi Valium lè di bárakú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ẹnì kan tún ti júwe àgbo kan fún un ní gáréèjì, wọ́n ní ó máa ń "fọ ìrònú". Mo bi í pé kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ó dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ògógóró ni. Ká tiẹ̀ gbé ti harámù tì ná, ọtí ń gbé ìfúnpá ga, oorun tó bá sì mú wá kì í ṣe oorun gidi.

Mo kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ sì rí i dájú pé ó lọ. Dókítà fi oògùn sí i, ó ní kó dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, kò ju ṣíbí tíì kan lọ, kúùbù ìsebẹ̀ tí a ń bù sọ́bẹ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa.

Lọ́jọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ yìí náà ló fi lẹ́tà kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni. Aago méjì òru ló kọ ọ́, gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe láti ọdún mẹ́jọ ló tò síbẹ̀. Ó ku kó tẹ bọ́tìnnì kan péré. Ọmọ mẹ́rin ló ní, ọ̀kan wà ní yunifásítì, owó ilé kò sì tíì tán nílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí yóò fi sùn dáadáa fún ọjọ́ méje. Ẹni tí kò sùn kò lè dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ro dé ìdí. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé ẹni tí inú bá ń bí lórí ìdúró kó jókòó, bí kò bá sì lọ, kó dùbúlẹ̀. Àwa tá a ń wọn ìfúnpá mọ̀ pé lóòótọ́ ni ìlù ọkàn máa ń dínkù téèyàn bá kúrò lórí ìdúró. Ó tún wà nínú hádíìsì pé kò fẹ́ràn kéèyàn máa tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn ìrun Ìṣáí. Mo wá sọ fún Alhaji pé àwọn ará ọ́fíìsì tó ń bá ṣe WhatsApp títí di ọ̀gànjọ́, àkúrọ̀sọ náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyẹn ṣiṣẹ́ ju oògùn oorun lọ.

Níbi tó kù, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Tí wọ́n bá fò èèyàn dá, ohun tí a máa ń tètè sọ fún un ni pé kó gba kádàrá. Òdodo ni, ìgbàgbọ́ wa sì ni. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ ọ́ kíákíá jù, bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán kóun lè máa lọ. Alhaji ní gbogbo ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun ni òun kò tún fẹ́ rí mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán ná. Ó dùn ún, kò sì di kèfèrí nítorí pé ó dùn ún.

Ìtàn tí mo sọ fún un ni ti Khalid ọmọ Walid. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab di khalifa ní 634, ó yọ Khalid kúrò lórí ipò olórí ogun ní Ṣáámù, ó sì fi Abu Ubaydah rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ogun tí Khalid darí tó bọ́ sọ́nù lọ́wọ́ rẹ̀. Lára ohun tí àwọn onítàn sọ pé Umar rò ni pé kí àwọn èèyàn má bàa gbójú lé Khalid dípò Ọlọ́hun. Khalid dúró lábẹ́ Abu Ubaydah, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kú lórí ibùsùn rẹ̀ ní 642.

Alhaji ní, "Nọ́ọ̀sì, Umar ni ọ̀gá tiwọn. Ta ni ọ̀gá tèmi?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tọ̀nà, torí ìrẹ́jẹ gidi wà láyé. Dókítà Oguntola Sapara wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní Èkó ní 1896. Ní 1902, ìjọba òyìnbó dá ẹgbẹ́ dókítà ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Owó àwọn dókítà adúláwọ̀ kéré, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn sì wà lábẹ́ òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Sapara yìí kan náà ló wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí ìgbóná ṣe ń ràn káàkiri, ìjọba sì fòfin de ìbọ náà lẹ́yìn èyí. Ìrẹ́jẹ ni ohun tí wọ́n ṣe fún un, kò yẹ ká pè é ní nǹkan mìíràn. Síbẹ̀, ó ní iṣẹ́ kan tí ojú rẹ̀ mọ́ sí tí ipò kankan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí oorun padà dé, Alhaji lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Kò mẹ́nu ba ọmọkùnrin yẹn rárá, a ti jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn bi í pé, "Ọ̀gá, kí ló kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ mi?" Ìdáhùn náà ya á lẹ́nu. Ìwé ìgbéléwọ̀n ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní APER, ìlà méjì péré ló máa ń kọ síbi tí wọ́n ti ní kó sọ iṣẹ́ tó ṣe. Ìkejì, kò ní ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà tí ipò náà ń béèrè, ọmọkùnrin yẹn sì ní in. Ó ṣì gbà pé ojúsàájú wà nínú rẹ̀, ó sì lè wà. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ti wà báyìí tí òun fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó kù, ẹ kọ́kọ́ ka ọdún yín náà: ní ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún 2 ni ẹni tó wà ní ìpele 6 sísàlẹ̀ máa lò kó tó yẹ fún ìgbéga, ọdún 3 láti ìpele 7 sí 14, ọdún 4 láti 15 sí 17. Mo ti rí ẹni tó ń bínú ṣáájú kí ọdún rẹ̀ tó pé.

Ẹ̀yin aya àti ọkọ, ẹ má ṣe fi orúkọ ẹni tí wọ́n gbé ga ṣe èébú níwájú àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ máa ń gbé e lọ sí ilé kéwú.

Tó bá wá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ kò wọlé, tí oorun kò wá, tí nǹkan tó ń dùn mọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tàbí tó bá ń sọ pé ó sàn kóun kú, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Àrò kò jìnnà sí Láfẹ́nwá. Mo mọ̀ pé a ti fi orúkọ Àrò ṣe èébú ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ìlú wa ni Thomas Adeoye Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, òun ló sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní àwọn abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ó padà di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe wèrè nìkan, ẹni tí ìbànújẹ́ wọ̀ lára náà ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, á sì padà sílé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìfúnpá Alhaji jẹ́ 134/84. Ìwé ìgbéga kò tíì dé. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ Sátidé ló ń lọ, ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ló sì bá a kọ APER tọdún yìí: ojú ìwé méjì ààbọ̀. Lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú fóònù. Ó ní òun ò tíì lè pa á rẹ́, mo sì ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tábìlì wa máa wà níta ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ obì kí ẹ tó wá, ẹ sì tọ̀ kí ẹ tó jókòó, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn la máa gbé tábìlì sí lọ́tẹ̀ yìí.