Kí Kòtò Má Di Ọ̀fìn: Ìlànà fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Wa Òkúta Wẹ́wẹ́ Lórí Ilẹ̀ Oko

Ilẹ̀ ni ogún tí ó máa ń pẹ́ jù lọ lọ́wọ́ ẹbí. Owó a máa tán, aṣọ a máa gbó, ilé a sì máa wó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá bá fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ náà yóò tún fi sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara àti ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kajú wà lára ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú jáde. Lábẹ́ àwọn oko kan, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ tún wà níbẹ̀, tí àwọn tí ń ṣe ọ̀nà àti àwọn tí ń kọ́lé ń wá kiri. Nígbà tí tipa bá dé etí oko, tí oníbàárà sì ń ka owó síwájú àgbẹ̀, ìpinnu náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àbájáde rẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ títí di ìgbà àwọn ọmọ-ọmọ.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú títa òkúta wẹ́wẹ́. Abala 23 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka iyì iṣẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé ara ẹni mọ́ ìwà tí ó yẹ ọmọ orílẹ̀-èdè. Abala kan náà ka ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìwà òtítọ́ mọ́ wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó gbogbo wọn pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní láti mọ bí kòtò náà yóò ṣe parí kí ó tó gbẹ́ ẹ rárá.

Ta ni ó ni ohun tí ó wà nínú ilẹ̀?

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà pé ẹni tí ó ni oko ni ó ni ohun gbogbo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 44(3) nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ fi ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti 2007 sì ka yanrìn, òkúta, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí ìwé àṣẹ tí a ń pè ní Quarry Lease wà fún. Mining Cadastre Office ní Abuja ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ náà. Kì í kọjá ọdún 5, ṣùgbọ́n a lè tún un gbà.

Òfin kan náà kò gba ìwakùsà láyè ní ibi ìsìnkú, ní ojúbọ, ní ọjà tàbí láàrin ìlú àti abúlé. Kò sì gbà á láyè ní ibi tí kò tó mítà 50 sí ọ̀nà ìjọba, ojú irin, ilé ìjọba tàbí ìsédò. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sí irú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ná owó kankan lé èrò náà.

Ìmọ̀ràn ẹbí àti ti ìlú

Bí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba, àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti olórí ẹbí nìkan. Kí àwọn àgbà ìdílé, lọ́kùnrin lóbìnrin, jókòó, kí wọ́n gbọ́ iye tí a fẹ́ tà, ibi tí a fẹ́ gbẹ́, àti ọdún tí iṣẹ́ náà yóò gbà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àjòjì tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí òfin pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ń wa kùsà san owó gbà-má-bínú lórí irè oko àti igi eléso tí ó bá bàjẹ́.

Abala 116 nínú òfin ti 2007 tún béèrè pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ bá ìlú tí iṣẹ́ náà wà ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí tipa yóò gbà, omi tí a ó fi pa eruku, àti iṣẹ́ tí a ó fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú, gbogbo rẹ̀ yẹ kí ó wà nínú ìwé náà.

Yíyẹ ilẹ̀ wò

Kí a tó ra ṣọ́bìrì tàbí kí a tó háyà katakata, ihò kéékèèké mélòó kan ni a ń kọ́kọ́ gbẹ́ káàkiri ibi tí a ní lọ́kàn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó wọn ibi tí ilẹ̀ dúdú parí sí, ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí omi ti sun. Ìparí ìgbà òjò ni ó dára jù láti wọn omi, nítorí ìgbà náà ni ó máa ń sún mọ́ òkè jù lọ. Ìsàlẹ̀ kòtò kò gbọdọ̀ dé ojú omi yẹn; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, adágún ni yóò kù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní ilẹ̀ náà jẹ́ mítà 50 ní gígùn àti mítà 50 ní fífẹ̀, tí òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ sì jìn tó mítà 2. Kúbíìkì mítà 5,000 ni yóò jáde. Bí tipa kan bá ń gbé kúbíìkì mítà 10, ìrìn 500 nìyẹn. Bí ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kúbíìkì mítà 750 ni, èyí tí ó tó tipa 75. Ìrìn 500 yẹn ni yóò mú owó wá. Tipa 75 ilẹ̀ dúdú yìí ni yóò sọ bóyá oko yóò tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí a ṣe ń wà á

Ilẹ̀ dúdú ni a ń kọ́kọ́ họ kúrò. A kì í tà á, a kì í sì í dà á pọ̀ mọ́ yangí. A ó kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní òkìtì tí kò ga, a ó sì jẹ́ kí koríko bò ó kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Apá kan ni kí a máa gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù ṣì máa jẹ́ oko. Kí a fi àlà ilẹ̀ sílẹ̀ láìgbẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọmọnìkejì, kí ilẹ̀ rẹ̀ má baà ya wọ inú kòtò.

Etí kòtò gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ ìdí ògiri yangí tí ó dúró ṣánṣán, tí orí rẹ̀ sì yọ síta, ń fi ẹ̀mí wéwu, nítorí ògiri náà lè ya lulẹ̀ lójijì kí ó sì bo òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Kí a la ọ̀gbàrà sí òkè kòtò kí omi òjò lè yà sí ibòmíràn, kí a sì ṣọgbà yí i ká. Kòtò tí omi dúró sí di ilé ẹ̀fọn, ó sì lè di ikú ọmọdé tí ó lọ lúwẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí

Òfin béèrè ètò ìdáàbòbò àyíká àti àtúnṣe ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń wa kùsà. Ṣùgbọ́n ètò tí kò ní owó nídìí, ìwé lásán ni. Nítorí náà, kí a máa ya iye kan sọ́tọ̀ nínú owó tipa kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní, kí ẹni méjì nínú ẹbí sì máa kọ iye tipa tí ó jáde sínú ìwé. Owó àtúnṣe tí a bá fi sílẹ̀ di ìparí kì í ṣẹ́kù.

Nígbà tí òkúta bá tán, a ó tú ìsàlẹ̀ kòtò tí ó ti le, a ó dá ìyẹ̀pẹ̀ tí kò wúlò padà sí i, a ó sì tẹ́ ilẹ̀ dúdú lé e lórí. Ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà ni kí ó kọ́kọ́ hù níbẹ̀, nítorí wọ́n ń fi oúnjẹ kún ilẹ̀. Kajú tàbí igi mìíràn lè tẹ̀ lé e.

Abala 24 nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni láti ṣe ohun tí yóò mú ìlọsíwájú bá àwùjọ tí ó ń gbé. Àgbẹ̀ tí ó ta òkúta wẹ́wẹ́, tí ó san ẹ̀tọ́ ìjọba àti ti ẹbí, tí ó sì dí kòtò rẹ̀, ti ṣe ojúṣe náà. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tún un ṣe yóò bá a níbẹ̀ nígbà tí ó bá padà wá gbin iṣu.