Ilẹ̀ Dúdú Agbègbè Ṣáàdì àti Ọ̀ràn Ìpìlẹ̀ Ilé

Ní ìhà gúúsù Adágún Ṣáàdì, ní Dikwa, Marte àti Ngala ní ìpínlẹ̀ Borno, ilẹ̀ kan wà tí ó dúdú bí èédú, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní firki. Bí òjò bá ń parí lọ, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣí ọmọ ọkà bàbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ masakwa wá gbìn sínú rẹ̀. Omi tí ilẹ̀ náà ti fà mu sínú ni ọkà náà yóò máa mu dàgbà ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Ìbùkún ńlá ni ilẹ̀ yìí jẹ́ fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí ó fi ń ṣe àgbẹ̀ lóore ni ó fi ń ba iṣẹ́ bíríkìlà jẹ́.

Amọ̀ ni ilẹ̀ náà, amọ̀ tí í máa wú bí ó bá mu omi, tí í sì máa súnkì bí ó bá gbẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó a máa lanu, ojú ibi tí ó là náà sì lè jìn ju mítà kan lọ. Bí ilé bá wà lórí rẹ̀, oòrùn kì í dé abẹ́ àárín ilé, nítorí náà ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í tètè lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etí ilé ń gbẹ, ó sì ń rẹlẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, yóò tún wú. Lọ́dọọdún ni ògiri ń bá a lọ sókè sódò, títí yóò fi là láti igun fèrèsé dé òrùlé, tí ilẹ̀kùn kò sì ní ṣeé tì mọ́. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ilé pẹlẹbẹ tí kò wúwo ni ó ń jìyà yìí jù. Ilé ńlá lè wúwo tó láti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kékeré, ilẹ̀ a gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n. Àṣìṣe gbáà ni, nígbà náà, kí onílé kékeré máa wí pé ọ̀ràn àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ ni àyẹ̀wò ilẹ̀.

Ní Jọs, òkúta ni ó pọ̀, inú onílé a sì máa dùn bí ọkọ́ bá kan òkúta. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òkúta ràbàtà kan ṣoṣo tí ó jókòó sínú erùpẹ̀ rírọ̀ ni ọkọ́ kàn, kì í ṣe àpáta gidi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń wa tánńganran láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀ kòtò sílẹ̀ lórí òkè náà. Ibi tí erùpẹ̀ bá ti dí irú kòtò bẹ́ẹ̀, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ibi àbàtà tí ó yí Port Harcourt ká ẹ̀wẹ̀, omi kò jìn sílẹ̀, ẹrẹ̀ tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà kún inú rẹ̀ sì ń rì díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ẹrù.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ilẹ̀ wò kò ṣòro í yé ni. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ògiri àwọn ilé àdúgbò àti omi inú kànga. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbẹ́ ihò, kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí ilẹ̀ igun kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ihò náà gbọ́dọ̀ jìn, nítorí bí ìpìlẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹrù rẹ̀ ṣe ń dé ìsàlẹ̀ tó. Nínú ihò yìí ni òòlù tí ó wọn kílò 63.5 yóò ti máa já láti òkè sẹ̀ǹtímítà 76 lu irin, wọn yóò sì ka iye ìgbà tí ó lù ú kí irin tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bí ó bá jẹ́ ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, ilẹ̀ náà kò lágbára. Wọn yóò tún di díẹ̀ nínú amọ̀ náà pinpin kí ó má bàa gbẹ, wọn yóò sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò láti mọ bí ó ti ń wú sí.

Èsì yìí ni yóò sọ irú ìpìlẹ̀ tí ó tọ́. Lórí yangí líle, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a da kọnkéré sí lábẹ́ ògiri tó fún ilé pẹlẹbẹ. Níbi àbàtà, wọ́n lè da kọnkéré alágbára kan tí irin wà nínú rẹ̀ sí abẹ́ gbogbo ilé, kí ilé jókòó lé e bí ẹni jókòó lórí ẹní. Bí ilé bá wúwo, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbá òpó gígùn wọlẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Lórí firki, bí amọ̀ náà kò bá nípọn, wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á sì fi yangí dípò rẹ̀; bí ó bá nípọn, òpó tí ó kọjá ibi tí amọ̀ ti ń wú ni ó yẹ, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ lábẹ́ igi kọnkéré tí ó gbé ògiri, kí amọ̀ lè rí àyè wú láìti ilé. Wọn kì í gbin igi ńlá sí ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa omi abẹ́ ilé mu.

Owó tí onílé ná lórí àyẹ̀wò ilẹ̀ kì í tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó búlọ́ọ̀kù àti irin, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́kọ́ ń gé kúrò. Nígbà tí wọ́n bá sì gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ nínú ilẹ̀ dúdú náà tán, ọjọ́ náà gan-an ni ó yẹ kí kọnkéré wọ inú rẹ̀. Bí ó bá sùn síta, oòrùn yóò là á, tàbí kí òjò mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú.