Abiyamọ Nínú Ọ́fíìsì

Ẹni tí ó bá dúró ní ìdíkọ̀ Ìkòtún ní aago márùn-ún ìdájí yóò rí àwọn obìnrin kan tí kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń lọ. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn, bàtà pẹlẹbẹ wà lẹ́sẹ̀ wọn, bàtà gogoro wà nínú báàgì. Báńkì ni àwọn kan ń lọ, ilé iṣẹ́ adójútòfò ni àwọn mìíràn, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni àwọn mìíràn. Láti Ìgàndò, láti Ìdímù, láti ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti ń wá, nítorí pé Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti rí ilé tí agbára wọn ká, ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó àti Victoria Island ni iṣẹ́ wọn wà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan lé ní mílíọ̀nù kan, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì tún jà pé iye náà kéré jù.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lóṣù yìí, pàápàá jù lọ àwọn tí wọn kò tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, oṣù mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ tí mo wà fún mi láti fi sinmi. Ọmọ náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní òkùnkùn ìdájí ni mo ń gbé e fún ìyá ọkọ mi, nígbà tí n ó bá sì fi padà dé Ìgàndò, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ọmọ ti sùn. Bí ó bá di ọ̀sán, ọmú mi a kún, a máa ro mí, a sì máa kán sí ara aṣọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ń sá lọ láti fún un dànù. Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá mi bi mí, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mi, pé ọmọ ni mo fẹ́ tọ́ ni tàbí iṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣe. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà pé n kò ṣe mọ́, mo sì tì í bọ inú báàgì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá ọkọ̀ wa dúró ní Òṣòdì. Omijé ń bọ́ lójú mi láìmọ̀. Ìyá kan jókòó tì mí, ẹni tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

“Ìyàwó, kí ló dé tí o fi ń sunkún?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi sílẹ̀.”

“Ǹjẹ́ o ti ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́?”

N kò tíì wo lẹ́tà náà láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ sí i. Ó ṣe kòńgẹ́ pé ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ìyá yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́. Kí a tó dé Erékùṣù, ó ti kọ́ mi ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò kọ́ mi.

Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1974 ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Abala 54 rẹ̀ ni ó sọ ti abiyamọ. Bí dókítà bá kọ ìwé fún aboyún pé ó ṣeé ṣe kí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ní ẹ̀tọ́ láti lọ sinmi. Lẹ́yìn tí ó bá sì bímọ, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ ṣáájú, owó tí wọn yóò san fún un ní gbogbo àkókò náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìlélẹ́nu-iṣẹ́ nígbà tí ó wà nínú ìsinmi náà. Ohun tí n kò gbọ́ rí wá tẹ̀ lé e: abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́, nítorí ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbọ̀ wákàtí yìí ti pẹ́ láyé. Ọdún 1919 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ní ìpàdé wọn àkọ́kọ́ ní ìlú Washington. Lójú tèmi, obìnrin tí ilé rẹ̀ wà ní ìtòsí ilé iṣẹ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ta ni yóò ti Victoria Island dé Ìgàndò láàárín ààbọ̀ wákàtí, àfi ẹyẹ?

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. “Pa ààbọ̀ méjèèjì pọ̀,” ni ó wí. “Ó di wákàtí kan. Bẹ̀ wọ́n kí o máa fi wákàtí kan ṣíwájú àwọn yòókù kúrò níbi iṣẹ́. Má fi ẹnu sọ ọ́ o. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà wa yóò mọ ohun tí wákàtí kan náà jẹ́. Ẹni tí ó kúrò ní aago mẹ́rin ti kọjá Òṣòdì kí ọ̀nà tó dí pa. Mo fa lẹ́tà inú báàgì mi ya, mo kọ òmíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n sì yọ̀ǹda fún mi. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Òfin náà yọ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti àbójútó tàbí ti ọ̀mọ̀wé kúrò nínú àwọn tí ó pè ní òṣìṣẹ́. Nítorí náà agbanisíṣẹ́ lè wí fún obìnrin tí ó ti di ọ̀gá kékeré pé òfin kò bá a wí. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ ni yóò gbà á sílẹ̀, tàbí tí yóò kó o sí wàhálà. Ẹ kà wọ́n kí oyún tó dé. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba rọrùn díẹ̀: ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù kíkún fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. (Ẹ̀yin ọkọ wa, ọjọ́ mẹ́wàá náà kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù wíwò.)

Ẹ má sì ṣe fún omi ọmú dànù bí mo ti ṣe. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́, ẹ fún un sínú ìgò tí a ti bọ̀ tí ó ní ìdérí, ẹ kọ wákàtí sí i lára. Nínú iyàrá tí ó tutù díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nínú ooru Èkó, kò yẹ kí ó tó bẹ́ẹ̀. Nínú kúlà tí yìnyín kún, ó lè pé wákàtí mẹ́rìnlélógún. Nínú fíríjì, ọjọ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná, ẹ má gbé e ka iná. Ife kékeré ni kí ìyá àgbà fi máa fún ọmọ mu.

Láti ọjọ́ náà ni àwa bíi mẹ́fà tí a jọ ń wọ ọkọ̀ ti di ẹgbẹ́ tí kò ní orúkọ. A ń sọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀sùn, bí a ti í dá a lóhùn láìbínú. A ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró síbi kan. Ọ̀kan nínú wa gbọ́ lẹ́nu wa pé òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san mẹ́jọ. Ó lọ wo àkáǹtì tirẹ̀, ó rí i pé wọ́n ń yọ mẹ́jọ tirẹ̀ lóṣooṣù, wọn kò sì san án síbẹ̀. Ohun tí a bá sọ nínú ọkọ̀, inú ọkọ̀ ni ó ń kú sí. Bí ẹni tí a kò mọ̀ bá ti wọlé, iye owó tòmátì ni à ń sọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ irú lẹ́tà tí mo kọ, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sọ ọjọ́ tí ó bímọ, wákàtí tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún, àti ìgbà tí yóò parí. Kí ó má ka ìyà tí ó jẹ ẹ́ sínú rẹ̀. Kí ó tẹ ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé ọ̀gá fọwọ́ sí èkejì pé òun gbà á, kí ó sì mú un lọ sílé. Tèmi ṣì wà nínú àpótí, lábẹ́ ìwé ìbí ọmọ náà.