Ohùn Ṣáájú Àwòrán: Bí A Ṣe Lè Yan Tẹlifíṣọ̀n àti Sípíkà Sí Yàrá Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni a fẹ́ gùn lé láti ṣàlàyé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè yan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí yàrá tí ó ń sùn.

Àwa tí a ń gbé yàrá háyà ní Ushafa, lẹ́bàá Bwari ní Àbújá, mọ bí yàrá náà ṣe rí. Ìlú àwọn Gbagyi ni Ushafa, ìlú amọ̀kòkò ni pẹ̀lú, òun náà sì ni Ààrẹ Bill Clinton ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀ wò ní oṣù kẹjọ ọdún 2000. Yàrá wa kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá lọ, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin àwa àti aládùúgbò. Síbẹ̀, bí owó bá dé, sípíkà tó yẹ òde ìgbéyàwó ni àwọn kan ń gbé wọlé. Ìtẹ́ yẹn ti ju eku lọ.

Kí ni a fẹ́ gbọ́?

Kí a tó sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ náà gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò dàgbà nílẹ̀ Yorùbá. Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò ni wọ́n ti tọ́ wa. Ẹnu bàbá àti ìyá nìkan ni a ti ń gbọ́ Yorùbá lójoojúmọ́. Òwe, oríkì àti àwàdà tó kù, inú rédíò àti eré orí fídíò ni a ti kó wọn. Láti 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ni ẹ̀rọ yìí ti ń ran èdè wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí kò bá jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké, èdè ló ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin sábà máa ń tó 200. Àwọn ìró bíi s, ṣ àti f ń gbọ̀n ju 2,000 lọ. Sípíkà tí wọ́n fi béèsì kún àkúnjù máa ń rọ́ gbì-gbì mọ́ ohùn ènìyàn lórí. Òké àti ìsàlẹ̀ ohùn á wá dàrú mọ́ra, a kò sì ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni bàbá inú eré náà ń wá tàbí ọkọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sọ́jà, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò fi orin tirẹ̀ dán ẹ̀rọ wò fún yín. Ẹ mú ìròyìn Yorùbá tàbí ewì tí ẹ mọ̀ dáadáa dání lórí fóònù yín. Ẹ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dákẹ́. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ níbẹ̀, sípíkà gidi ni. Ẹni tó mọ ìkòkò rà kì í wo ọnà ara rẹ̀ nìkan. Á fi ìka kàn án, á fetí sí i bóyá ó ti sán.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé tẹlifíṣọ̀n òde òní ti tín-ín-rín jù. Sípíkà inú rẹ̀ kéré, ó sì sábà máa ń kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ògiri. Sípíkà kékeré méjì ní apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ yóò ṣe wá láǹfààní ju kí a fi owó yẹn ra ojú tẹlifíṣọ̀n tó tóbi sí i.

Irọ́ ara páálí

Ẹ̀yin náà á ti rí i tí wọ́n kọ wáàtì 5,000 sára páálí. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye tí wọ́n fi ń pọ́n ọjà lé ni èyí. RMS ni kí ẹ wá, nítorí òun ló ń sọ agbára tí ẹ̀rọ náà lè lò láìdáwọ́ dúró. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà kí ẹ ka iye wáàtì tí ó ń fà láti ara iná. Èyí tó ń fa wáàtì 40 kò lè mú ohùn wáàtì 1,000 jáde. Bí a kò bá da omi sínú agbè, kí ni a ó rí bù?

Bákan náà, wáàtì méjì kì í dún ní ìlọ́po méjì wáàtì kan. Kí ohùn tó lè dà bí ìlọ́po méjì létí wa, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú yàrá bíi tiwa, wáàtì RMS mẹ́wàá tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Yàrá náà ń sọ̀rọ̀

Ẹ dúró láàrin yàrá kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìró rẹ̀ bá ń ta padà láti ara ògiri, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣe máa ta padà. Ògiri lílẹ̀ àti ilẹ̀ táìsì kì í gbé ohùn mì. Aṣọ fèrèsé tó nípọn, ẹní, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ tí a fi kọ́ ló ń gbé e mì. Ẹ má ṣe gbé sípíkà sí kọ̀rọ̀, nítorí kọ̀rọ̀ ń fi kún béèsì. Ẹ má sì ṣe gbé e ti ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ni. Béèsì a máa la ògiri kọjá ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ohun tí ẹ̀yin ń gbọ́ bí eré, gbì-gbì-gbì lásán ni ẹnìkejì ń gbọ́ ní aago kan òru, ó sì lè ní ìdánwò láàárọ̀.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ àfiborí, ẹ ṣọ́ etí yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohùn tó jẹ́ decibel 80 kò yẹ kó ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bó bá gòkè dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Etí tó bá ti bàjẹ́ báyìí kò ní àtúnṣe. Bí ẹ bá fẹ́ wo eré, ẹ lo èyí tó ní wáyà, nítorí Bluetooth máa ń mú kí ọ̀rọ̀ dé lẹ́yìn tí ètè òṣèré ti pa dé.

Ojú, iná àti àǹtẹ́nà

Ní ti ojú tẹlifíṣọ̀n, íǹṣì 32 tó fún ẹni tí ó jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà síbi tó wà. Ẹ gbé e sí ibi tí ojú yóò bá a ní gbọọrọ, kí ọrùn má baà máa ro yín.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Iná ilẹ̀ wa jẹ́ volt 230, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan jẹ́ 100. Bí ẹ bá rí 100–240V lẹ́yìn rẹ̀, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, bí ẹ bá ti kì í bọ iná wa ni yóò jóná. Nǹkan mìíràn tún ni pé DVB-T2 ni ìlànà dígítà tí ilẹ̀ wa yàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ó sì dé Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún náà. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò gbọ́ èdè yìí. Àfi kí ẹ so dẹkódà mọ́ ọn.

Òkè àti àpáta yí Ushafa ká. Àǹtẹ́nà GOtv ń gba ohùn láti ara òpó tó wà lórí ilẹ̀, òkè sì lè dí i lọ́nà. Nítorí náà, ìta àti ibi gíga ni kí ẹ gbé e sí. Awo DStv ní tirẹ̀ ń wo ojú ọ̀run níhà ìlà oòrùn, ó sì gbójú sókè ju ìdajì lọ. Òkè kì í sábà dí i. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32 tó ń jẹ wáàtì 50 yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 kí ó tó jẹ ẹyọ iná kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ìjọba gbówó lé iná Ìpele A, náírà 225 ni ẹyọ kan, iye náà sì ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Tẹlifíṣọ̀n yìí àti sípíkà wáàtì 20 lè lo nǹkan bí wákàtí méje lórí bátìrì volt 12 tó jẹ́ 100Ah, bí a bá lo ìdajì agbára rẹ̀. A kò ní máa gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí èéfín rẹ̀ ti lè pa ènìyàn lójú oorun.

Bí owó kò bá tó

Ẹ jẹ́ kí a rà wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ohun tí yóò dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó ń ṣẹ́jú ni kó ṣáájú. Sípíkà kékeré tó mọ́ ni kó tẹ̀ lé e; ó lè bá fóònù ṣiṣẹ́ títí tẹlifíṣọ̀n yóò fi dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni tẹlifíṣọ̀n, kí dẹkódà wá gbẹ̀yìn. Ní ti eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí kan tí àwòrán rẹ̀ dán lè jẹ dátà tó gígábáìtì mẹ́ta. Ó sàn kí a gbà á sílẹ̀ níbi tí dátà ti pọ̀, kí a fi fíláàṣì gbé e wálé.

Ojú lè fara mọ́ àwòrán tí kò dán tó, ṣùgbọ́n etí kì í lóye ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ilé tí a kò tíì kúrò nínú rẹ̀ máa sọ Yorùbá sí wa létí, ní ohùn tó mọ́, láìdí aládùúgbò lójú oorun. Ire o.