Nọ́ńbà 404 àti Ìkànnì Tí A Tún Tò

Ẹ̀sùn kan náà ni àwọn tó ní búlọ́ọ̀gì ń mú wá lẹ́yìn àtúnṣe: wọ́n pààrọ̀ ìrísí ìkànnì náà, wọ́n tún àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ línkì àtijọ́ kò rí nǹkan kan ju nọ́ńbà 404 lọ, wọ́n sì gbà pé àpilẹ̀kọ wọn ti parẹ́. Àpilẹ̀kọ náà kò parẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ ló yí padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń fi ìkànnì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè fún un.

Ìrísí fúnra rẹ̀ kì í sábà fa wàhálà yìí. Láti ìgbà tí Håkon Wium Lie ti dábàá CSS ní 1994, ìyẹn èdè ìlànà tí ń sọ fún búráwúsà bí yóò ṣe to ojú-ewé, ni ọ̀nà ti là láti ya ohun tí a kọ sọ́tọ̀ kúrò lára bí a ṣe fi í hàn. Nínú WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, inú àká dátà ni ọ̀rọ̀ wà, theme, tí í ṣe àkójọ fáìlì ìrísí, sì wà ní àyè tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé a lè bọ́ ọ kí a sì wọ òmíràn bí aṣọ.

Àdírẹ́sì ni àwọn ènìyàn kò lóye. Nígbà tí òǹkàwé bá tẹ línkì, búráwúsà a fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí sáfà gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, sáfà kì í sì í ronú lórí ohun tí òǹkàwé ń wá. Lórí Blogger, àpilẹ̀kọ kan lè ní àdírẹ́sì tó parí sí /2015/03/oriki.html, bí ẹni tó ni ín bá kó o lọ sórí WordPress, ó lè di /oriki/ lásán. Ènìyàn mọ̀ pé ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n lójú sáfà, méjèèjì kò bára tan rárá. Bí kò bá rí èyí tí a béèrè, 404 ni yóò dá padà. Bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé àpilẹ̀kọ náà ti kó lọ pátápátá, 301 ni yóò dá padà pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun, búráwúsà yóò sì gba ibẹ̀ lọ kí òǹkàwé tó fura. 302 jọ ọ́, àmọ́ ìkólọ ìgbà díẹ̀ ló túmọ̀ sí, àwọn alátùn-únṣe (àwọn tí a ń sanwó fún láti tún ìkànnì ṣe) tí kò bìkítà sì ń fi í rọ́pò 301. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n darí gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ sí ojú-ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n sì máa lọ. Google lè ka irú ìdarí bẹ́ẹ̀ sí 404 náà, òǹkàwé tó ń wá oríkì yóò sì bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan ni a ń darí sí ìkejì rẹ̀, Google sì gbani nímọ̀ràn pé kí ìdarí náà wà níbẹ̀ fún ọdún 1 ó kéré tán.

Ó ku ti àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, èyí tó kan àwọn tó ń kọ Yorùbá: bí lẹ́tà ọ bá wọ inú àdírẹ́sì, %E1%BB%8D ni ó máa ń dà nígbà tí a bá fi ránṣẹ́, línkì a sì gùn bí ejò. Àdírẹ́sì ni kí a yọ àmì kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe àkọlé, kí a sì ṣe é kí àpilẹ̀kọ tó jáde.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ ló kù. Theme olówó tí alátùn-únṣe ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n jí, ó sì lè gbé kóòdù olè pamọ́ sínú. Alátùn-únṣe tó forúkọ ara rẹ̀ gba orúkọ ìkànnì oníbàárà ti di onílé, oníbàárà ló wá di ayálégbé. Ẹni tí kò bá sì tíì ní àkọsílẹ̀ gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ rẹ̀ àti ẹ̀dà àká dátà rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó jọ̀wọ́ fi àtúntò náà sílẹ̀ ná.